Ẹ Wádìí Kí Ẹ Tó Fọ́ọ̀màtì

Ó ti di àṣà láàárín wa pé bí kọ̀ǹpútà ilé bá ń kú lójijì, ṣọ́ọ̀bù la máa ń gbé e lọ. Ẹni tó wà níbẹ̀ á tẹ̀ ẹ́ wò fún ìgbà díẹ̀, á ní fáírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́ tàbí pé Windows rẹ̀ ti bàjẹ́, á sì fọ́ọ̀màtì rẹ̀. Owó á jáde lápò wa, fọ́tò àti ìwé tó wà lórí rẹ̀ á bá a lọ, kò sì ní pẹ́ tí kọ̀ǹpútà náà á tún máa kú bó ṣe ń kú tẹ́lẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò lọ́jú pọ̀. Fọ́ọ̀màtì kọ́ ni oògùn kọ̀ǹpútà tó ń kú lójijì, ìwádìí àkọ́kọ́ kò sì sí lọ́wọ́ ẹnjiníà. Ọwọ́ onílé ló wà. Ẹni tó bá gbé kọ̀ǹpútà jáde láìtíì ṣe ìwádìí yẹn, ilé ló fi ẹ̀rí sílẹ̀ sí, kọ̀ǹpútà nìkan ló gbé lọ.

Ikú kọ̀ǹpútà kì í ṣe oríṣi kan, ibẹ̀ ló sì yẹ kí ìwádìí ti bẹ̀rẹ̀. Oríṣi kìíní ni kí ojú rẹ̀ ṣàdédé ṣókùnkùn, kí fáànù dákẹ́, kí gbogbo rẹ̀ pa rọ́rọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Èkejì ni kí ojú rẹ̀ di búlúù, kí ìkọ̀wé jáde síbẹ̀, kó tó tún ara rẹ̀ tàn. Ẹ̀kẹta ni kó sọ fún yín pé òun fẹ́ pa, kó palẹ̀ mọ́, kó sì pa ní wọ́ọ́rọ́wọ́. Bó bá jẹ́ ẹ̀kẹta, ẹnìkan tàbí nǹkan kan ló pàṣẹ fún un: ó lè jẹ́ àtúnṣe Windows, ó lè jẹ́ ètò tó ní kó pa bí bátìrì bá ti lọ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ èkejì, Windows rí àṣìṣe tí agbára rẹ̀ kò ká, ó sì kọ orúkọ àṣìṣe náà síwájú yín. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ èkíní, Windows gan-an kò mọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Iná ló kúrò lábẹ́ rẹ̀. Ètò tó bá ṣubú sábà máa ń fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Iná tó bá já kì í dágbére.

Oríṣi kìíní yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn dé ṣọ́ọ̀bù, ohun méjì ló sì yẹ ká kọ́kọ́ fura sí níbẹ̀: iná àti ooru. Ọ̀rọ̀ iná bẹ̀rẹ̀ láti orí òpó títí dé sọ́kẹ́ẹ̀tì, ó gba inú ṣájà tàbí inú PSU tó ń pín iná fún kọ̀ǹpútà, ó sì kan bátìrì. Ọ̀rọ̀ ooru kan fáànù, eruku, àti ọ̀dà tí wọ́n máa ń fi sáàárín prósẹ́sọ̀ àti irin tó ń fa ooru kúrò lára rẹ̀. Kò sí ìkankan nínú gbogbo èyí tó ń gbé orí díìsìkì, bẹ́ẹ̀ orí díìsìkì nìkan ni fọ́ọ̀màtì ti ń ṣiṣẹ́. Àwọn àgbà ní a kì í fi ètè sílẹ̀ ká máa pa làpálàpá. Ohun tí à ń sanwó fún nìyẹn.

Ẹni tó bá ń ṣiyèméjì, ìdánwò kan wà tí kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀. Ẹ tan kọ̀ǹpútà, kí Windows tó ṣí, ẹ máa tẹ F2 tàbí Delete. Lára àwọn mìíràn, F10 tàbí Esc ni. Ojú ìwé BIOS á ṣí. Ẹ fi í sílẹ̀ síbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan, kó wà bẹ́ẹ̀ títí tí àkókò tó sábà máa ń kú yóò fi kọjá. Ní àsìkò yẹn, Windows kò tíì jí. Fáírọ́ọ̀sì tó bá wà nínú Windows náà kò tíì jí. Gbogbo ètò tí ẹ fi sórí rẹ̀ ṣì wà lórí díìsìkì níbi tí wọ́n sùn sí. Bí kọ̀ǹpútà bá kú lójú BIOS, a jẹ́ pé Windows kò sí níbẹ̀ nígbà tí ọ̀ràn ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá tún ní òun fẹ́ fọ́ọ̀màtì lẹ́yìn ìyẹn, ẹ bi í pé kí ló fẹ́ wò sàn. Ṣùgbọ́n bí kò bá kú, ẹ má tíì dájọ́, nítorí iṣẹ́ tó wà lọ́rùn kọ̀ǹpútà lójú BIOS kò tó nǹkan. Ó lè má gbóná tó bó ṣe ń gbóná nígbà tí ẹ bá ń lò ó, kó má sì fa iná tó bó ṣe ń fà á. Ìdánwò yìí lè dá Windows láre. Òun nìkan kò lè dá a lẹ́bi.

Kí ló wá dé tí àwọn kan fi ń búra pé fọ́ọ̀màtì ṣiṣẹ́ fún àwọn? Mi ò ní wọ́n ń purọ́. Windows tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé kò ní ẹrù lórí. Kò sí ogún ètò tó ń gbéra pẹ̀lú rẹ̀ láàárọ̀, prósẹ́sọ̀ ń sinmi, ooru sì dínkù. Yàtọ̀ síyẹn, kí kọ̀ǹpútà tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, wọ́n lè ti fẹ́ eruku inú rẹ̀, wọ́n lè ti yọ RAM kí wọ́n sì tún un tẹ̀ bọ ibi tó yẹ, wọ́n á sì ti yọ àwọn wáyà tí wọ́n á tún kì wọ́n bọlé. Bí ara bá tù ú, fọ́ọ̀màtì ló ń gba oríyìn. Nígbà tí ẹ bá dá gbogbo ètò yín padà, tí eruku sì tún péjọ, àìsàn á padà, ẹ ó sì rò pé fáírọ́ọ̀sì mìíràn ló tún dé.

Ẹ̀rí kejì wà nínú kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀, ọ̀pọ̀ wa kò sì tíì ṣí i wò rí. Windows ní ìwé àkọsílẹ̀ tó ń kọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí, tọjọ́ ti aago. Ẹ tẹ bọ́tìnnì Windows àti X pọ̀, ẹ yan Event Viewer, ẹ ṣí Windows Logs, ẹ wá tẹ System. Ẹ wá àkókò tí kọ̀ǹpútà kú kẹ́yìn àti ìgbà tí ẹ tún un tàn. Bí ẹ bá rí Kernel-Power tí nọ́ńbà rẹ̀ jẹ́ 41, ohun tó ń sọ ni pé kọ̀ǹpútà tún gbéra láìjẹ́ pé ó palẹ̀ mọ́ kó tó kú. Nọ́ńbà 6008 ń sọ ohun tó jọ bẹ́ẹ̀, ó sì ń dárúkọ ọjọ́ àti aago tó ṣẹlẹ̀. Nọ́ńbà 1074 yàtọ̀ sí wọn: òun ló ń dárúkọ ètò tó pàṣẹ pé kí kọ̀ǹpútà pa. Bó bá jẹ́ 1074 lẹ rí ní àkókò yẹn, kọ̀ǹpútà yín kò ṣàìsàn, àṣẹ ló tẹ̀ lé, ẹni tó pàṣẹ lẹ ó máa wá.

Nọ́ńbà 41 yìí ló ń ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà. Wọ́n á rí i, wọ́n á ní àwọn ti mọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà. Rárá o. Ìkéde ikú lásán ni, kò sọ ohun tó pa á. Ẹ tẹ Details tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀, kí ẹ wo ibi tí wọ́n kọ BugcheckCode sí. Bí ohun tó wà níwájú rẹ̀ bá jẹ́ 0, Windows kò rí àṣìṣe kankan kọ sílẹ̀ kí iná tó kúrò lábẹ́ rẹ̀. Iná àti ooru tún dé nìyẹn, àfi bí ẹnìkan nínú ilé bá tẹ bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń tàn án mọ́lẹ̀ títí tó fi pa. Bí nọ́ńbà ibẹ̀ kò bá jẹ́ 0, ojú búlúù ni ọ̀rọ̀ náà, nọ́ńbà yẹn sì ni òpó tí ẹ ó dì mú. Ojú búlúù lè yára kọjá kí ẹ tó kà á. Ẹ wá Advanced system settings nínú Windows, ẹ wọ Settings tó wà lábẹ́ Startup and Recovery, ẹ mú àmì kúrò níwájú Automatically restart. Láti ìgbà náà lọ, ìkọ̀wé náà á dúró dè yín, ẹ ó sì lè fi fóònù yà á. Ọ̀rọ̀ RAM, díìsìkì tàbí dráífà ló sábà máa ń gba ibẹ̀ jáde.

Ẹ wá wo ohun tí fọ́ọ̀màtì ń ṣe sí gbogbo ẹ̀rí yìí. Ó ń pa á rẹ́ pátápátá. Nọ́ńbà 41, nọ́ńbà 1074, ọjọ́, aago, fáìlì tí ojú búlúù fi sílẹ̀, kò ní ku ìkankan. Bí kọ̀ǹpútà bá tún kú lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹnjiníà tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ òótọ́ kò ní rí ibì kankan tẹ̀ lé. Nítorí náà, mi ò ka fọ́ọ̀màtì tí kò ní ìwádìí sí owó ìnákúnàá lásán. Ìpalára ni. Ó ń gbé ọ̀nà àbáyọ jìnnà sí ẹni tó ni kọ̀ǹpútà.

Ẹ jẹ́ ká mú ọ̀rọ̀ iná, nítorí ibẹ̀ ni àṣìrò wa pọ̀ sí. Lórí ìwé, iná ilé wa ní Nàìjíríà jẹ́ 230V, ó sì ń yí ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ohun tó ń jáde nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lè jìnnà sí èyí, gbogbo wa la mọ iná tó rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí fáànù òkè ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀. PSU inú kọ̀ǹpútà orí tábìlì lè fara da púpọ̀ nínú ìyẹn, ṣùgbọ́n bí iná bá ṣẹ́jú, ohun tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀ kò pọ̀. Èyí tí wọ́n ṣe bí ìlànà ATX ṣe wí, nǹkan bí 16 nínú ìdá 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan ló lè fi gbé kọ̀ǹpútà dúró bó bá ń ṣiṣẹ́ tó pọ̀. Iná wa fúnra rẹ̀, ìdá 20 nínú 1,000 ló fi ń yí lẹ́ẹ̀kan. Kí iná ṣẹ́jú lọ́nà tí gílóòbù lè má fi hàn lójú yín tó láti pa kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá ní, "Iná ò kúkú lọ," kò tíì mú ẹ̀rí kankan wá.

UPS, ẹ̀rọ tó ń gbé kọ̀ǹpútà dúró bí iná bá lọ, ni a rà torí èyí, ṣùgbọ́n bátìrì ló wà nínú UPS, bátìrì sì ń darúgbó. Ọdún mẹ́ta sí márùn-ún ni irú èyí tó wọ́pọ̀ nínú wọn sábà máa ń lò, ooru sì ń gé ẹ̀mí rẹ̀ kúrú. UPS tí bátìrì rẹ̀ ti kú á ṣì máa tanná, á máa gbé iná kọjá bó ṣe rí i, ẹ ó sì rò pé ó ń ṣọ́ kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí iná bá ṣẹ́jú ni òun àti kọ̀ǹpútà á jọ ṣubú. Ẹ yọ kọ̀ǹpútà kúrò lára rẹ̀, ẹ fi iná orí tábìlì sí i, kí ẹ wá fa UPS yọ kúrò nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí gílóòbù bá kú lójú ẹsẹ̀, UPS yín ti di ọ̀ṣọ́ ilé lásán.

Ẹ fi ìwé kékeré kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà. Nígbàkigbà tó bá kú, ẹ kọ aago tó kú, iná tí ẹ ń lò, yálà ti NEPA, ti jẹnẹrétọ̀ tàbí ti ínfátà, àti ohun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra nínú ilé. Bó bá jẹ́ pé ìgbà tí ẹ̀rọ tó ń fa omi bá gbéra lórí jẹnẹrétọ̀ ló ń kú, tí kì í kú bí ẹ bá ń lo NEPA, ìwé yín ti tú àṣírí. Jẹnẹrétọ̀ kékeré máa ń mí gúlegúle nígbà tí fíríìjì tàbí ẹ̀rọ omi bá já iná gbà lójijì. Iná á lọ sílẹ̀, kọ̀ǹpútà á sì kú. Ẹ fọwọ́ kan orí wáyà àti ẹsitẹ́ńṣọ̀n náà. Èyí tó bá gbóná, tó dúdú lẹ́nu, tàbí tó ń mì jẹ́gẹ́jẹ́gẹ́ bí ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó náwó sórí kọ̀ǹpútà.

Àwọn kan á ní mo kàn ń yí ọ̀rọ̀ ká ni, pé NEPA ló fa gbogbo rẹ̀, kò sì sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe sí i. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà. NEPA ti di PHCN láti 2005, láti oṣù Kọkànlá ọdún 2013 sì ni ilé iṣẹ́ aládàáni ti ń pín iná, síbẹ̀ orúkọ NEPA ṣì ni à ń kọ́kọ́ pè lẹ́jọ́. Bó bá jẹ́ láptọ́ọ̀pù, ẹjọ́ náà kò tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Láptọ́ọ̀pù tí bátìrì rẹ̀ dá ṣáṣá kò gbọ́dọ̀ kú nítorí pé iná lọ. Bí iná bá lọ tó sì kú pẹ̀lú rẹ̀, bátìrì lẹ ó bi. Ẹ ṣí Command Prompt, ẹ kọ powercfg /batteryreport, ẹ tẹ Enter. Yóò sọ ibi tó fi ìwé náà pamọ́ sí fún yín. Nínú ìwé yẹn, ẹ wo Design Capacity, ìyẹn ohun tí bátìrì lè gbà nígbà tó jẹ́ tuntun, kí ẹ wo Full Charge Capacity, ìyẹn ohun tó lè gbà báyìí. Bí àkọ́kọ́ bá jẹ́ 48,000 tí èkejì sì jẹ́ 15,000, ìdá mẹ́ta bátìrì náà kò ṣẹ́ kù ju ẹyọ kan lọ. Irú bátìrì bẹ́ẹ̀ lè máa fi 30 nínú 100 hàn lójú kọ̀ǹpútà, kó sì kú lójijì nígbà tí iṣẹ́ bá pọ̀ lọ́rùn rẹ̀, torí agbára rẹ̀ já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ wo ṣájà pẹ̀lú. Láptọ́ọ̀pù tó ń fẹ́ 65W tí ẹ ra ṣájà 45W fún lọ́jà, bátìrì ló ń bá a fi kún àìtó rẹ̀. Bí bátìrì bá ti kú, kò sẹ́ni tí yóò fi kún un mọ́.

Ooru ni afurasí kejì. Lára ọ̀pọ̀ prósẹ́sọ̀ Intel tó wà nínú láptọ́ọ̀pù, 100°C ni ààlà. Bó bá ti ń súnmọ́ ibẹ̀, á kọ́kọ́ dẹ ìrìn ara rẹ̀ lẹ́sẹ̀, kọ̀ǹpútà á máa fà. Bí ooru bá sì tún ń gòkè kọjá ibi tí ẹ̀rọ náà lè fara dà, yóò gé iná ara rẹ̀ láìbéèrè lọ́wọ́ Windows, kó má baà jóná. Ikú tó ń gba ẹ̀mí là ni. Àmì rẹ̀ kò fara sin: fáànù á máa ké, abẹ́ rẹ̀ á gbóná, á máa kú nígbà tí ẹ bá ń wo fídíò tàbí ṣe iṣẹ́ ńlá. Bí ẹ bá tún un tàn lójú ẹsẹ̀, kò ní pẹ́ tó fi tún kú. Bó bá sinmi títí tó fi tutù, á pẹ́ díẹ̀.

Ọ̀pọ̀ á ní fáànù tàwọn ń dún, nítorí náà kì í ṣe ooru. Ẹ jókòó ti ẹnjiníà lọ́jọ́ tó bá ṣí abẹ́ láptọ́ọ̀pù, kí ẹ wo ohun tó wà níbẹ̀. Fáànù kan wà níbẹ̀ tí kò tóbi ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Níwájú rẹ̀ ni àwọn irin pẹlẹbẹ tín-ín-rín wà, wọ́n tò jọ, àyè díẹ̀díẹ̀ ló wà láàárín wọn. Àárín fáànù àti irin yẹn ni eruku ń kó sí. Nínú èyí tí wọ́n ti lò fún ọdún púpọ̀, eruku á ti dì bí òwú ìrọ̀rí, ẹ ó lè fi ìka ká a kúrò lódindi. Fáànù ń yí lóòótọ́, ó ń dún lóòótọ́, ṣùgbọ́n atẹ́gùn kò rí ibi gbà jáde. Bí wọ́n bá gbé irin náà kúrò lórí prósẹ́sọ̀, ẹ ó rí ọ̀dà tó ti gbẹ, tó ti sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Tòkunbọ̀ tó ti ṣiṣẹ́ fún ọdún mélòó kan ní ọ́fíìsì òkè òkun kó tó dé ọjà kọ̀ǹpútà ní Ìkẹjà, ó ṣeé ṣe kí ọ̀dà tó bá a kúrò níbi tí wọ́n ti ṣe é ṣì wà lára rẹ̀. Ẹ fi ọyẹ́ wa àti eruku rẹ̀ kún un, kí ẹ tún fi bẹ́ẹ̀dì tí à ń gbé e lé kún un, níbi tí aṣọ ti ń dí ihò abẹ́ rẹ̀ pa.

Ìdánwò ooru kò le. Ẹ fi nǹkan gbé ẹ̀yìn láptọ́ọ̀pù sókè lórí tábìlì kí atẹ́gùn lè gba abẹ́ rẹ̀, ẹ yí fáànù ilé sí i, kí ẹ sì ṣe iṣẹ́ tó sábà máa ń pa á. Bó bá kọjá àkókò tó máa ń kú láìkú, ọwọ́ yín ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ olè.

Gbogbo ìdánwò yìí ló ń fi hàn ìdí tí mo fi ní ọwọ́ onílé ni ìwádìí wà. Ní ṣọ́ọ̀bù, sọ́kẹ́ẹ̀tì mìíràn ni wọ́n máa ń kì í bọ̀. Ṣájà mìíràn ni wọ́n lè fi sí i. Orí tábìlì tó tẹ́jú ló máa wà, lábẹ́ fáànù, kò sì sẹ́ni tó máa ṣe iṣẹ́ wákàtí mẹ́ta lórí rẹ̀. Kò ní kú níbẹ̀. Ẹnjiníà á wò ó, á ní kò rí nǹkan kan, bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Àlejò lójú, kò fi ríran. Ẹni tó ń gbé ilé ló mọ̀ pé ìrọ̀lẹ́ nìkan ló ń kú, pé yàrá kan ṣoṣo ló ti ń kú, pé ọjọ́ tí wọ́n ti pààrọ̀ ṣájà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹni tó fẹ́ já mi nírọ́ ní ẹjọ́ rere kan tó lè rò. Ó lè ní sọ́fítíwíà náà ti pa kọ̀ǹpútà rí, kó sì mú ọdún 2003 wá. Òótọ́ ni. Ní oṣù Kẹjọ ọdún náà, kòkòrò tí wọ́n ń pè ní Blaster wọ inú kọ̀ǹpútà tó ń lo Windows XP àti Windows 2000 káàkiri ayé, ó sì ń mú wọn pa. Ní 2004, Sasser tún dé, ọ̀dọ́mọkùnrin ọmọ ọdún 18 kan ní Jámánì ni ọlọ́pàá sì mú lórí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí wọ́n ṣe ń pa kọ̀ǹpútà. Àpótí ọ̀rọ̀ kan á jáde lójú kọ̀ǹpútà, á sọ pé kọ̀ǹpútà fẹ́ pa, á máa ka ìṣẹ́jú àáyá 60 wálẹ̀. Ètò tó ṣubú ló fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ yẹn, bí mo ṣe sọ lókè. Fọ́ọ̀màtì kọ́ ló sì wo Blaster sàn. Àtúnṣe tí Microsoft ti gbé jáde láti oṣù Keje ọdún náà, kí kòkòrò yẹn tó jáde rárá, ni oògùn rẹ̀. Ẹni tó fọ́ọ̀màtì láìfi àtúnṣe yẹn sí i, bó bá ti padà sórí íntánẹ́ẹ̀tì ni kòkòrò náà tún lè wọlé. Ọ̀pọ̀ fáírọ́ọ̀sì òde òní náà kò fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yín kú, nítorí bó bá kú, iṣẹ́ olè dúró. Èyí tó ń fi kọ̀ǹpútà yín wa owó bíi Monero ní ìkọ̀kọ̀ lè mú un gbóná títí tó fi kú, ṣùgbọ́n ooru náà ló gbà kú, Task Manager á sì fi hàn yín pé prósẹ́sọ̀ ń ṣe làálàá nígbà tí ẹ kò ṣe nǹkan kan.

Àwọn mìíràn á ní, "Mi ò kàwé kọ̀ǹpútà, kí ló kàn mí?" Ẹ wo ohun tí mo ní kí ẹ ṣe: kí ẹ kọ aago, kí ẹ fọwọ́ kan wáyà, kí ẹ gbé láptọ́ọ̀pù kúrò lórí bẹ́ẹ̀dì, kí ẹ ka nọ́ńbà kan lójú kọ̀ǹpútà. Ẹni tó lè fi fóònù sanwó ọjà lè ṣe gbogbo rẹ̀. Mi ò ní kí ẹ tún un ṣe fúnra yín. Ààlà wà, ẹ má sì kọjá rẹ̀. Ẹ má ṣí PSU láé. Iná tó wà nípamọ́ nínú rẹ̀ lè ju 300V lọ, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ bá ti fa wáyà yọ. Bátìrì tó bá ti wú, tó ń ti kíbọ́ọ̀dù sókè, ẹ pa kọ̀ǹpútà náà, ẹ yọ ṣájà rẹ̀, ẹ má tẹ̀ ẹ́, ẹ má gún un, ẹ gbé e lọ fún ẹni tó mọ̀ ọ́n yọ. Bí ẹ bá gbóòórùn nǹkan tó ń jóná, ìwádìí ti parí nílé.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń tàbùkù àwọn ẹnjiníà. Ní Computer Village ní Ìkẹjà, àwọn ọ̀jáfáfá wà níbẹ̀ tí wọ́n ń yọ ohun tín-ín-tìn-tín lára bọ́ọ̀dù, tí wọ́n ń jó o padà sáyè rẹ̀. Àwa oníbàárà la sọ fọ́ọ̀màtì di ọ̀nà àbùjá fún wọn. A gbé kọ̀ǹpútà sílẹ̀, a ní "ó ń kú," a ní a fẹ́ gbà á nírọ̀lẹ́, a sì ń ná owó rẹ̀ wálẹ̀. Kò sẹ́ni tó lè fi irú owó àti àkókò bẹ́ẹ̀ wá ìdí ọ̀ràn. Bí ẹ bá mú ìwé yín dání, tí ẹ sì sọ pé, "Ẹ̀gbọ́n, kì í kú lórí NEPA, orí jẹnẹrétọ̀ nìkan ni, BugcheckCode rẹ̀ 0, ó sì kú lójú BIOS lẹ́ẹ̀mejì," ẹ ti dín iṣẹ́ rẹ̀ kù, ẹ sì ti jẹ́ kó mọ̀ pé ẹ mọ ohun tí ẹ ń wá.

Ẹ̀tọ́ tiwa náà wà lọ́rùn rẹ̀. Kó sọ ohun tó ń ṣe kọ̀ǹpútà kó tó sọ iye owó. Bó bá pààrọ̀ nǹkan, kó dá èyí tó bàjẹ́ padà fún wa. Bó bá ní òun ti ṣe é tán, kó fi iṣẹ́ tó wúwo sórí rẹ̀ níṣojú wa, kó ṣiṣẹ́ kọjá àkókò tó máa ń kú. Ìbéèrè kan sì wà fún ẹni tó bá ní fọ́ọ̀màtì lòun fẹ́ ṣe: ẹ̀rí wo ló fi hàn pé orí díìsìkì ni àìsàn wà? Bó bá ní ẹ̀rí, kó kó fáìlì yín pamọ́, kó sì ṣe é. Bí kò bá ní, ẹ gbé kọ̀ǹpútà yín, ẹ má sanwó.